Mo fi Kùránì búra pé mi ò ní kúrò nínú ẹgbẹ́, ṣé mo lè jáde?

ÌBÉÈRÈ: Às-sàláàmù aléékùm Áfáà wa. Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn àwa obìnrin méjìlá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a gbọ́wọ́ lé Kùránì a búra pé ẹnikẹ́ni ò ní kúrò títí ikú. Ó dùn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ o, àmọ́ báyìí aṣọ ẹbí ni lóṣooṣù, mi ò tíì rán ti tẹ́lẹ̀ òmíì ti dé, mo ti jẹ gbèsè, mi ò rí oorun sùn, dókítà sì ní mo ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo fẹ́ jáde. Áfáà kan ní Kùránì máa mú mi àfi kí n mú 70,000 náírà àti àgbò wá kí òun fi tú ìbúra náà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣáà gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó tán. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa aléékùm sàláàm, ìyá mi. Ẹ jáde. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè rí oorun sùn lálẹ́ òní, ká tó máa tú u palẹ̀.

Ìbúra lẹ búra lóòótọ́, mi ò ní tàn yín. Nínú mọ́síhábù Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni Kùránì, ẹni tó bá fi búra ti búra nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ Kùránì di irin Ògún, pé tẹ́ ẹ bá ti fi búra tẹ́ ẹ wá yẹ̀ ẹ́, ó máa pa yín. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún Abdur-Rahman ọmọ Samura, Bukhari àti Muslim ló gbà á wá, pé tó o bá búra lórí nǹkan tó o wá rí i pé òmíì dáa jù ú lọ, ṣe èyí tó dáa jù, kó o sì ṣe kafárà, ìyẹn ìtánràn, ìbúra ẹ. Gbèsè aṣọ ẹbí, àìsùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ rí kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé jíjáde ló dáa jù?

Ọ̀rọ̀ áfáà yẹn wá kù. Súrà Máídà, aaya 89, Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ló ka kafárà sílẹ̀: kẹ́ ẹ bọ́ mìsíkíìnì, ìyẹn tálákà, mẹ́wàá, tàbí kẹ́ ẹ dáṣọ fún wọn, tàbí kẹ́ ẹ dá ẹrú sílẹ̀, ẹni tí ò bá rí ìkankan ṣe nínú ẹ̀ ló máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi wá àgbò níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ mà nìyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, wá lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní 1851, ẹ̀sìn ti pẹ́ níbí ju kí ẹnì kan ṣì máa fi Kùránì dẹ́rù ba ìyá ẹlẹ́ja.

Ti ọ̀rẹ́ yín gan-an ló ń ká mi lára jù, torí òun ni gbogbo ayé ń ṣe. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì àti ẹran á yẹ ìbúra, á ní òun ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó rọrùn fún un, kò náwó. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ṣà á o! Ààwẹ̀ wà fún ẹni tí ò ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rówó aṣọ ẹbí san lóṣooṣù, ẹ máa bọ́ èèyàn. Mọ́dù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìkúnwọ́ méjì papọ̀, nínú oúnjẹ tí ará ìlú ń jẹ, tẹ́ ẹ bá sì fi díẹ̀ lé e ó dáa. Tàbí kẹ́ ẹ sè é fún wọn lọ́sàn-án àti lálẹ́ kí wọ́n yó. Èèyàn mẹ́wàá o, kì í ṣe ẹnì kan lọ́jọ́ mẹ́wàá, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ yín tẹ́ ẹ̀ ń bọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ dípò oúnjẹ, Màlíkì ò gba ìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbèsè yẹn ti jẹ gbogbo ọwọ́ yín tán lóòótọ́, kò sóhun tó kù lẹ́yìn oúnjẹ ilé, ẹ gbààwẹ̀ yín, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ tó jáde tàbí lẹ́yìn ẹ̀, ìgbà yòówù tẹ́ ẹ bá ṣe é ó yè.

Kafárà ò pa gbèsè rẹ́ ṣá. Tẹ́ ẹ bá ti kó àjọ ẹgbẹ́ yẹn, ẹ dá èyí tó kù tán. Ẹ sì máa kí wọn tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́jà, Ànọ́bì ò fẹ́ kí Mùsùlùmí bá ọmọ ìyá ẹ̀ yodì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹgbẹ́ lẹ fi sílẹ̀, ẹ ò fi èèyàn sílẹ̀.

Aṣọ tẹ́ ẹ ti rà tẹ́ ẹ ò tíì rán yẹn, ẹ rán an, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí yídì. Owó yín ni.