Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé mo lè pààrọ̀ ìdí lẹ́ǹsì àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo jogún lẹ́ǹsì àtijọ́ méjì tí a ń fi ọwọ́ yí: ọ̀kan jẹ́ Canon FD, èkejì jẹ́ Nikon F, 50 mm sì ni àwọn méjèèjì. Kámẹ́rà Canon tí ó ní jígí nínú, tí ó ń lo lẹ́ǹsì EF, ni mo ní. Ẹnìkan ní kí n tú òrùka irin ìdí wọn, èyí tí ó ń de lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà, kí n fi ti EF rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé ti Canon ni yóò rọrùn jù, nítorí ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe é. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ti Nikon ni yóò rọrùn, ti Canon ni yóò fún yín ní wàhálà. Nígbà tí Canon gbé EF jáde ní 1987, ìdí tuntun pátápátá ni, kò sì bá FD mu. Ohun tí ó ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí ni àlàfo tí ó wà láàárín ìdí lẹ́ǹsì àti fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ tí àwòrán ń bọ́ sí. Àlàfo náà jẹ́ 46.5 mm fún Nikon F, 44 mm fún EF, àti 42 mm péré fún FD. Bí ẹ bá gbé lẹ́ǹsì Nikon wá sórí kámẹ́rà yín, àyè 2.5 mm yóò ṣẹ́ kù tí àdápútà, ìyẹn òrùka tí a fi ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà tí kì í ṣe tirẹ̀, lè gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì FD ti fi 2 mm jìnnà jù kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un, kò sì sí òrùka tí ó tín-ín-rín ju òfo lọ.

Ẹ má fojú kéré 2 mm yẹn. Lẹ́ǹsì 50 mm tí ó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò ní rí ohunkóhun kedere kọjá nǹkan bíi mítà 1.3: ojú ẹni tí ó jókòó níwájú yín lè hàn ketekete, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ àti igi òde yóò ṣú bàìbàì, bó ti wù kí ẹ yí i tó. Àwọn àdápútà kan ní gíláàsì kékeré nínú tí ó ń tún èyí ṣe. Mo ti lo ọ̀kan rí, àwòrán rẹ̀ kò sì wù mí.

Fún Nikon yín, àdápútà lásán tó. Ẹ má tú u. Irú lẹ́ǹsì Leica R, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 47 mm, ni títú ìdí yẹ fún. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ wá súkúrùdíráfà tí ó bá orí súkúrù náà mu gẹ́lẹ́, nítorí èyí tí kò bá a mu yóò họ orí rẹ̀ di pẹrẹsẹ, yóò sì kọ̀ láti tú. Bí ẹ bá rí awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé lábẹ́ òrùka náà, ẹ má sọ ọ́ nù: òun ni wọ́n fi ṣe ètò kí lẹ́ǹsì lè rí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ tún ṣọ́ jígí inú kámẹ́rà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo yí lẹ́ǹsì sí ọ̀nà jíjìn, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbọ́ “kò!”, jígí náà sì há sí ìdí lẹ́ǹsì. Nígbà tí a bá yí i sí ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀yìn lẹ́ǹsì máa ń wọnú kámẹ́rà jù lọ, nítorí náà ẹ rọra dán an wò.

FD yín ńkọ́? Ẹ fi í pamọ́ di ìgbà tí ẹ bá ní kámẹ́rà aláìníjígí. Àlàfo Canon RF jẹ́ 20 mm, ti Sony E jẹ́ 18 mm, ti Nikon Z jẹ́ 16 mm, àyè sì pọ̀ níbẹ̀ fún àdápútà tí kò ní gíláàsì. Kí ẹ kàn rí i pé àdápútà náà ní ohun tí ó ń ti ọ̀pá kékeré ìdí FD. Bí kò bá ní in, ojú lẹ́ǹsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, yóò wà ní ṣíṣí gbayawu, nọ́ńbà yòówù kí ẹ yí i sí.