Kí ló dé tí vancomycin, oògùn tó ń pa bakitéríà, kì í pa bakitéríà tó ń jẹ́ E. coli?

Àbúrò mi ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, awọ ìta ni kì í jẹ́ kó wọlé. E. coli ní awọ méjì, àwọn prótéènì tó ń jẹ́ porin, bí OmpF àti OmpC, ló sì dá ihò sí ti ìta. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí àgbá tí a ṣí lórí àti nísàlẹ̀, okùn bẹ́tà (apá prótéènì tó nà gbọọrọ) 16 ló yí i ká. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà kéékèèké ń gba ibẹ̀ kọjá láìná agbára kankan. Ohun tó bá ju nǹkan bí 600 dáltọ̀nù (òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù) lọ kò ráyè. Vancomycin sì tó nǹkan bí 1,450!

Fítámì B12 àti irin tí siderophore (èròjà tí bakitéríà ń tú jáde láti fi mú irin) gbé dání ńkọ́? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn náà tóbi ju ihò porin lọ, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà prótéènì tiwọn lọ́tọ̀ ló ń gbé wọn: BtuB fún B12, FhuA àti FepA fún irin. Okùn 22 ni tiwọn, apá prótéènì náà kan sì dí inú rẹ̀ pa. Kò sí ATP, èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára, láàárín awọ méjèèjì, prótéènì TonB ló ń gbé agbára wá láti awọ inú kí ọ̀nà tó lè ṣí.