Ṣé ọjọ́ méjì tó láti rí tàígà ní Ranthambore?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Èmi àtìyàwó mi ń lọ sí Íńdíà nínú oṣù Kejìlá, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún méje náà ń bá wa lọ. Ọjọ́ méjì la fẹ́ lò ní Ranthambore, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, ká lè rí tàígà. Ṣé ó tó? Ọkọ̀ kékeré ni ká gbà àbí èyí tó tóbi? Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àgbọ̀nrín nìkan làwọn rí. — Bàbá Àyọ̀, Ìkẹjà

Ìdáhùn: Bàbá Àyọ̀, ẹ kú ètò o. Ọjọ́ méjì tó, tẹ́ ẹ bá lò ó dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń wọ igbó yẹn, àárọ̀ kùtù àti ọ̀sán, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, torí náà tẹ́ ẹ bá ti dé ìlú Sawai Madhopur lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú (rélùwéè wà láti Delhi, ó ń dé ibẹ̀ tààrà) ẹ máa wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin kẹ́ ẹ tó kúrò. Àwọn ọ̀rẹ́ yín yẹn, ó jọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí fún yín pé dandan ni kẹ́ ẹ rí tàígà, ẹ má fún un lówó, ẹran igbó ni, kò sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀, Gypsy ni kẹ́ ẹ gbà, jíìpù tí ò lórùlé tó ń gbé èrò mẹ́fà. Canter tó ń gbé ogún èèyàn dínwó lóòótọ́, àmọ́ èèyàn ogún ò lè dákẹ́ pa pọ̀, ẹnì kan á wúkọ́, ẹnì kan á máa pe ọmọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an lẹ sanwó fún. Ẹ lè rò pé ojú lèèyàn fi ń wá tàígà, etí ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ témi lọ, gáìdì wa kàn ní kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, kò ṣàlàyé kankan, a jókòó síbẹ̀ títí, inú ti ń bí mi pé àkókò wa ló ń lọ yìí, àṣé ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni mi ò gbọ́. Àwọn ọ̀bọ kan wà níbẹ̀ tára wọn rí bí eérú, tójú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n máa ń wà lókè igi, wọ́n á sì tètè rí ohun tó ń bọ̀. Ọ̀kan wúkọ́ gbì, bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Àgbọ̀nrín alámì tótòtó náà ké, igbe tínrín tó mú. Gáìdì ò mira, torí ìyẹn lè ké sí ohunkóhun. Ìgbà tí sambar, àgbọ̀nrín ńlá yẹn, wá ké lẹ́ẹ̀mẹta, tó na ìrù ró, tó ń fẹsẹ̀ iwájú gbálẹ̀, ìgbà yẹn ló fọwọ́ kan dírẹ́bà léjìká. Sambar kì í sábà purọ́. Kò pẹ́ tí tàígà náà fi jáde látinú koríko, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, kò tiẹ̀ wò wá, ipasẹ̀ ẹ̀ nínú eruku fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọn ọdẹ wa nílé mọ irú ìmọ̀ yìí dáadáa. Ẹkùn tí wọ́n sì mọ̀, èyí tára ẹ̀ rí tótòtó, òun náà wà ní Ranthambore, ẹ lè bá a pàdé.

Ohun kan wà tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn mi. Ẹ má sọ fún dírẹ́bà pé tó bá rí tàígà fún yín lẹ máa tó fún un lówó. Eré àsápajúdé ló máa fi ìyẹn sá, ọkọ̀ mẹ́wàá á lọ há ẹran kan mọ́ àárín. Nǹkan tí wọ́n fara ṣe kó tó kù là ń wò yìí o. Igbó Sariska, tóun àti Ranthambore jọ wà ní ìpínlẹ̀ Rajasthan kan náà, àwọn tó ń dọdẹ lọ́nà ẹ̀bùrú pa gbogbo tàígà ibẹ̀ tán, Ranthambore ni wọ́n ti kó òmíràn lọ síbẹ̀ ní 2008. Ní 2006, 1,411 ni wọ́n ṣírò pé ó kù ní gbogbo Íńdíà, ní 2022 ó ti di 3,682. Ẹ fún dírẹ́bà àti gáìdì lówó, ẹ̀bá à rí tàígà ẹ̀bá à má rí i.

Apá kìíní dé ìkarùn-ún nínú igbó náà máa ń wà ní ṣíṣí nínú oṣù Kejìlá. Apá kẹta ló ní àwọn adágún odò, ibẹ̀ ni Machli gbé, abo tàígà tó gbajúmọ̀ torí pé ó bá ọ̀nì jà, tó kú ní 2016. Tẹ́ ẹ bá rí apá kẹta yìí gbà, ẹ gbà á.

Òtútù àárọ̀ ibẹ̀ ò ṣeé fojú di, afẹ́fẹ́ tún ń gbá yín lójú nínú jíìpù. Ẹ wọ súwẹ́tà méjì, fìlà, ìbọ̀wọ́, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé, ẹ má wọ pupa tàbí funfun. Àyọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa ka ipasẹ̀ àti ọ̀kín, ìyẹn á jẹ́ kó lè dákẹ́. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ o, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì, oṣù Kejìlá máa ń kún. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fi gbà á, òun náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ sì mú pásípọ́ọ̀tù gan-an dání, mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n dá padà ní géètì laago mẹ́fà àárọ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Èkó sì rèé, ẹ gba abẹ́rẹ́ yellow fever, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó dé Íńdíà, kẹ́ ẹ sì mú yellow card dání, ti Àyọ̀ náà, torí ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá láìní in, wọ́n lè dá a dúró síbì kan fún odindi ọjọ́ mẹ́fà.