Omi Òkè Mọ́ Gaara, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Mu Ún Bẹ́ẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wolé-wolé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Denver, ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ lọ kí i lóṣù kẹjọ. Ó ní òun á mú mi lọ sùn fún ọjọ́ mẹ́rin nínú igbó ìjọba lórí òkè, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún oṣù márùn-ún àti ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kankan kì í gbowó níbẹ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́bàá ibi tí wọ́n máa ń pàgọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi náà tutù bíi ti inú fíríìjì, pé ó mọ́ ju píọ́ wọ́tà lọ, pé omi tó ń ṣàn kì í lẹ́gbin. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo ra ìyẹ̀fun funfun kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń polówó oògùn nínú dánfó láti Ọ̀ṣòdì sí Yábàá. Ó ní ó ń pa gbogbo kòkòrò inú omi. Mo dán an wò nínú omi kànga wa, ìdọ̀tí rẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ike kan á tó àwa mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́rin? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé e wọ bàálù? Èmi ọmọ yín, láti Ṣómólú.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má gbé e wọ bàálù. Má gbé e lọ síbì kankan. Lẹ́tà kẹrin rèé tí mo gbà lọ́dún yìí lórí oògùn omi inú dánfó, inú sì ń bí mi gan-an, torí ẹni tó ń tà á ti máa ń bọ́ sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kejì kí inú ẹni tó rà á tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Bó o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó jọ álọ́ọ̀mù, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú omi kànga. Mi ò fojú rí i, nítorí náà mi ò lè búra. Ó lè jẹ́ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ká ní álọ́ọ̀mù ni. Iṣẹ́ tí álọ́ọ̀mù ń ṣe kò ju kó kó ẹrẹ̀ inú omi jọ lọ, kí ẹrẹ̀ náà wúwo, kó rọ̀ sísàlẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ omi ní Ìjù àti ní Adíyàn, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ omi náà kọjá nínú yanrìn, tí wọ́n á sì fi kílórínì pa kòkòrò tó bá kù. Ẹni tó bá ju álọ́ọ̀mù sómi tó wá mu ún ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹrẹ̀ lo rí tó rọ̀ sísàlẹ̀ nínú omi kànga yín. Kòkòrò kì í ṣe ẹrẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan ní Múṣìn gbé ife omi kànga tó ti fi álọ́ọ̀mù sí lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ó mọ́ bíi dígí.” Lóòótọ́ ni. Mo gbé ife náà sókè lójú fèrèsé, mo sì rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn níta la inú omi náà já. Mo bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò kékeré kan tó ní bébà oògùn nínú. Bébà náà máa ń dúdú bí irú kòkòrò tó ń gbé inú ìgbẹ́ bá wà nínú omi. Mo dé e, mo gbé e síbi tó móoru. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ìgò yẹn ti dúdú bí ẹni da èédú sí i. Ṣáláńgá ilé kejì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí kànga wọn. Ìyá yẹn jókòó sórí àpótí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì ló ti ń ṣu gbuuru láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó o bi mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ká mi lára jù: “Omi tó ń ṣàn kì í lẹ́gbin.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹ̀bí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì mọ ibi tó ti wá. Ọ̀gọ̀dọ̀ a máa rùn, a máa yọ èéhù, ẹ̀fọn á sì kún un, nítorí náà ojú wa ń rí ibi rẹ̀. Omi tó ń ṣàn ń gbé ìdọ̀tí tiwa kúrò níwájú wa, a sì gbà pé ó ti mọ́. A kì í béèrè ohun tó ń gbé bọ̀. Gbogbo ẹ̀gbin ẹni tó wà lókè odò ló ń gbé wá fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìwọ ọmọ Ṣómólú, o mọ ohun tí gọ́tà máa ń gbé kọjá níwájú ilé yín bí òjò bá rọ̀. Gọ́tà náà ń ṣàn.

Bó o bá dé Olúmirìn ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà lásìkò ọdún, wàá rí ohun tí mò ń wí. Ìpele méje ni omi yẹn. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń fọwọ́ bù ú mu tàdúràtàdúrà, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbé relé. Gun òkè dé ìpele kejì, dé ìkẹta: àwọn ọ̀dọ́ ń wẹ̀, ẹnì kan ń fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọdé kan ń tọ̀. Omi kan náà ni.

Má sì sọ pé Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí irú igbó yẹn nígbà kan, ní apá ìwọ̀ oòrùn Denver. Ibẹ̀ lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Omi náà ń ṣàn lórí òkúta, èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní oókan-oòkan. Ọmọ mi bu ife kan, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu, mo ní kó dúró ká kọ́kọ́ rìn lọ sókè díẹ̀. A ò tíì rìn tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi bá màlúù mẹ́ta tó dúró sínú odò náà dé orúnkún, ọ̀kan nínú wọn gbé ìrù sókè, ó ń ṣu sómi. Ìjọba ibẹ̀ a máa fún àwọn darandaran láṣẹ láti da ẹran nínú igbó ìjọba. Ẹranko igbó tún wà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní beaver, ó jọ òyà, ó ń fi eyín gé igi láti dí odò, inú odò náà ló sì ń gbé. Ọmọ mi da ife omi yẹn nù.

Kòkòrò tí wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú odò orí òkè níbẹ̀ ni Giardia. Inú ìfun èèyàn àti ẹranko ló ń gbé, ó ń bá ìgbẹ́ jáde pẹ̀lú èèpo líle lára, èèpo yẹn ló sì ń dáàbò bò ó títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó máa gbé e mì. Nínú omi tútù, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kódà fún oṣù mélòó kan. Òtútù tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń yìn yẹn ló ń tọ́jú rẹ̀, bí fíríìjì ṣe ń tọ́jú ẹran. Mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ lè dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀. Ojú kò sì lè rí i. Pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù, Giardia kan kò sì ju nǹkan bíi mẹ́wàá irú rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1681 tí Antonie van Leeuwenhoek, ará Netherlands, kọ́kọ́ rí i, nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀ ló ti rí i, dígí amúǹkan-tóbi tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló sì fi rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi ojú lásán dá omi láre.

Èkejì rẹ̀ ni Cryptosporidium. Ó kéré jù ú lọ, ó sì burú ní ọ̀nà kan: kílórínì kì í tètè pa á. Nítorí náà, bílíìṣì tí àwọn kan ń kán sómi, tó máa ń ran àwọn tó ní kànga lọ́wọ́ nítorí kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù, kò tó fún odò yẹn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọkọ̀ lẹ máa gbé lọ. Ẹ pọn omi ẹ̀rọ láti Denver. Ká fi gálọ́ọ̀nù kan, nǹkan bíi lítà mẹ́rin, sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún mímu àti fún sísè. Ẹ̀yin mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin, lítà 64. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta ti gbà á, ó sì ṣẹ́kù fún fífọwọ́. Kò sí oògùn kankan tó dára tó kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta yẹn, pàápàá fún aláboyún àti ọmọdé.

Bí omi bá tán, ẹ se ti odò. Ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní Èkó níbí, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ṣùgbọ́n ní ibi tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6,500 lọ, nǹkan bíi mítà 2,000, mẹ́ta ni kó jẹ́. Ìdí ni pé bí èèyàn ṣe ń gòkè ni omi ń hó láì tíì gbóná tó ti ìsàlẹ̀. Ní Èkó, digírì 100 ni omi fi ń hó. Ní mítà 3,000, kò ju nǹkan bí 90 lọ. Asẹ́ omi tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń pàgọ́ dára bí ihò rẹ̀ kò bá ju máíkírọ́ọ̀nù kan lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í mú fáírọ́ọ̀sì. Ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ àti ti ọmọ, ẹ sè é. Àwọn kan máa ń fi áyódíìnì, oògùn apakòkòrò kan, sómi. Kí aláboyún má fẹnu kàn án láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kó tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà náà bóyá kó bá yín gun òkè rárá, torí wolé-wolé ni èmi, mi ò lè gba ẹnu dókítà sọ̀rọ̀.

Gáàsì kékeré ni kẹ́ ẹ fi dáná. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé e wọ bàálù. Lóṣù kẹjọ, wọ́n lè ti fòfin de iná igi nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí mú mi rántí ọ̀rọ̀ “ọ̀fẹ́”. Owó ni wọn kì í gbà, òfin wà. National Forest lẹ̀ ń lọ, kì í ṣe National Park. National Park ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ igbó wọ̀nyí, èèyàn ò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ lójú kan. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ pe ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà kẹ́ ẹ tó gbéra, torí òfin igbó kan yàtọ̀ sí ti ìkejì. Oúnjẹ, inú ọkọ̀ tó wà ní títì ni kó sùn, nítorí béárì.

Ẹ má pàgọ́ sẹ́bàá odò yẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 200 ni kẹ́ ẹ fi jìnnà sí i, nǹkan bí àádọ́rin ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ínṣì 6 sí 8, ẹ bò ó, kí ẹ̀yin náà má baà di ẹni òkè odò fún ẹlòmíràn. Òjò ọ̀sán pọ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn lóṣù kẹjọ, ó sì lè máa rọ̀ lókèlókè lọ́hùn-ún nígbà tí ibi tẹ́ ẹ wà gbẹ fúrúfúrú. Ní Big Thompson Canyon, ní Colorado yẹn kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1976, òjò wákàtí díẹ̀ lálẹ́ sọ odò kékeré di àgbàrá tó gbé èèyàn tó lé ní 140 lọ. Bẹ́ ẹ bá rí i tí omi ṣàdédé dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, tàbí tó ń hó gbùúgbùú, ẹ gbé ọmọ, ẹ sá gun òkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi àgọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣèèṣì mu omi náà, Giardia kì í tètè fojú hàn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sábà máa ń gbà. Ìyẹn ni pé o lè ti padà sí Ṣómólú. Inú rẹ á wú, gáàsì á pọ̀, ìgbẹ́ á máa yọ̀ bí ẹni fi epo sí i, àwọn ará ilé á sì ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Má lọ sí kẹ́mísìì. Lọ bá dókítà, kó o sì kọ́kọ́ sọ fún un pé o mu omi odò lórí òkè ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ wò, torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ táífọ́ọ̀dù kò ní rí i. Wọ́n lè ní kó o mú ìgbẹ́ wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Má bínú sí wọn.

Ohun kan ló ṣẹ́ kù tí ò jẹ́ kí n sùn. O ní o dán ìyẹ̀fun yẹn wò nínú omi kànga yín. O ò sọ fún mi bóyá ẹ mu ún. Ìwọ náà rántí kọ́lẹ́rà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó níbí lóṣù kẹfà ọdún 2024. Gbé ike náà lọ fún àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́la, kí wọ́n wò ó bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí wọ́n sì wá yẹ kànga yín wò. Ẹ máa se omi kí wọ́n tó dé. Kó o sì kọ̀wé sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: ta ló mu nínú omi yẹn, ọjọ́ wo ló sì mu ún?