Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Kí Ló Ń Fa Wúrà Méjì Mọ́ra Nínú Omi?

Olùkọ́ físíìsì kan láti Kétu béèrè pé: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé àwo irin méjì tí kò ní iná lára ń fa ara wọn nínú òfìfo. Wọ́n ní bí a bá rì wọ́n sínú omi ńkọ́? Ṣé òun náà ló ń lẹ gíláàsì méjì tó tutù mọ́ra?

Èsì: A kí yín, olùkọ́ wa. Ti gíláàsì yẹn kọ́ o. Omi tó há sáàárín wọn, tí etí rẹ̀ kan afẹ́fẹ́, ló ń fà wọ́n. Ẹ ri méjèèjì bọ inú korobá omi pátápátá lójú àwọn ọmọ náà: fífà yẹn á pòórá, ẹ ó sì lè rọra yà wọ́n.

Èyí tí Hendrik Casimir, ará Netherlands, ṣírò ní 1948 yàtọ̀. Òfìfo kò ṣófo tán. Bí a tilẹ̀ kó gbogbo nǹkan kúrò níbẹ̀, pápá iná àti òòfà ṣì ń gbọ̀n. Àwo méjì tó sún mọ́ra kì í gba gbogbo ìgbì náà láyè láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fà mọ́ra. Bí àlàfo wọn bá jẹ́ 1 máíkírómítà, ìwọ̀n fífà náà lórí àwo jẹ́ 0.0013 paskáàlì (òṣùwọ̀n ìtẹ̀) péré. Ẹ dín in kù sí ìdajì, á di ìlọ́po 16.

Omi kì í pa á, ó kàn ń dín in kù ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irin àti ohun tó yí i ká ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi 80 tí ìwé kọ fún omi ṣírò rẹ̀ (òǹkà dielectric constant ni, tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń dáhùn sí pápá iná). Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà. 80 wà fún iná tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní àlàfo 100 nánómítà, ìgbì tó ń gbọ̀n kíákíá bíi ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ló ṣe pàtàkì jù, nǹkan bí 1.8 sì ni ti omi níbẹ̀.

Wúrà àti wúrà yóò máa fà mọ́ra nínú olómi yòówù. Àmọ́ bí òǹkà ti olómi náà bá wà láàárín ti wúrà àti ti gíláàsì, wúrà àti gíláàsì á máa ti ara wọn. Àwọn onímọ̀ físíìsì Dzyaloshinskii, Lifshitz àti Pitaevskii ṣírò èyí ní 1961. Munday, Capasso àti Parsegian sì wọ̀n ọ́n nínú olómi kan tó ń jẹ́ bromobenzene ní 2009.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àjàṣẹ́ béèrè pé: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fi bọ́ọ̀lù wúrà tó wà lẹ́nu ọ̀pá ẹ̀rọ AFM (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀pá tín-ín-rín wọn agbára kékeré) wọn agbára Casimir yìí nínú ẹtanọ́ọ̀lù. Bí mo bá mú un sáré, iye tí mo ń rí ń yí padà. Ṣé sódàbì, ọtí ògógóró wa, lè rọ́pò ẹtanọ́ọ̀lù?

Èsì: Àbúrò, eré yẹn gan-an ló ń dà ọ́ láàmú. Olómi tó há sáàárín kì í tètè sá kúrò lọ́nà. Ká ní bọ́ọ̀lù rẹ fẹ̀ tó 40 máíkírómítà, tí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti àwo tó kọjú sí i sì jẹ́ 100 nánómítà: bí o bá ń sún un ní 45 nánómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdènà olómi jẹ́ bíi 3.5 píkónútọ̀nù (òṣùwọ̀n agbára tó kéré gan-an). Sún un ní 1000, á di bíi 78. Agbára tí ò ń wá kò tilẹ̀ tó 54, nítorí pé iye ti òfìfo àti irin aláìlábùkù nìyẹn. Wọ̀n ọ́n ní eré méjì. Ohun tó bá eré pọ̀ sí i, ti olómi ni. Yọ ọ́ kúrò. Wọ̀n ọ́n ní lílọ àti ní bíbọ̀ pẹ̀lú, torí ìdènà máa ń yí ìhà padà, ti Casimir kì í yí.

Iná tó lẹ̀ mọ́ wúrà náà wà níbẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀: nínú omi, 0.001 móólù nínú lítà kan ń mú kí ipa rẹ̀ máa lọ sílẹ̀ kíákíá láàárín bíi 10 nánómítà. Rọra da olómi sí i kí ìhó má bàa há sábẹ́ ọ̀pá, kí o sì jẹ́ kí ooru rẹ̀ dúró déédéé kí o tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá á máa tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sódàbì kò lè ṣe é. Omi wà nínú rẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn sì yọ́ mọ́ ọn. Kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì mímọ́, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o gbé e sábẹ́ ìmọ́lẹ̀: àmì róbótó tí o bá rí níbẹ̀ ni yóò bo wúrà rẹ.