Kí ló ń jẹ bátìrì mi tán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ LAUTECH ni mí, Under-G níbí ni mò ń gbé. Mo ń ṣe nǹkan kan tí màmá mi ní Ìkòyí-Ilé á máa wọ̀ sọ́wọ́, tí á máa ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, torí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. ESP32 (ṣíìpù kékeré tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà) àti sẹ́ńsọ̀ MAX30102 tó ń fi iná ka ìlù ọkàn ni mo lò, bátìrì ẹ̀ jẹ́ 150 mAh (ìwọ̀n iná tó ń gbà). Mo ti ní kó máa sùn, kó máa jí fún sẹ́kọ́ńdù 10 péré nínú mínìtì 10, síbẹ̀ ó ń kú kílẹ̀ tó mọ́. Ṣé kí n ra bátìrì ńlá ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ra bátìrì ńlá o. Á wúwo lọ́wọ́ màmá, wọ́n á bọ́ ọ sórí tábìlì, ibẹ̀ náà ló máa wà. Lálẹ́ òní, pa iná yàrá, jẹ́ kí nǹkan yẹn sùn, kó o wá wò ó dáadáa. Wàá rí iná pupa kékeré tó ń tàn lórí bọ́ọ̀dù, tó o bá tún yí i padà wàá rí i pé sẹ́ńsọ̀ náà ṣì ń tanná tiẹ̀. ESP32 sùn lóòótọ́, àwọn tó kù ò sùn.

Sẹ́ńsọ̀ ò lè mọ̀ fúnra ẹ̀ pé ESP32 ti lọ sùn, ìwọ lo máa sọ fún un, nínú kóòdù rẹ, kọ 0x80 sí rẹ́gísítà 0x09 (ojú ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti ń gba àṣẹ) kó o tó ní kí ESP32 sùn. Iná pupa ti bọ́ọ̀dù, fi irin sọ́dà yọ ọ́ dànù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ AMS1117 sí lára, òun ló ń sọ iná bátìrì di 3.3 V. Òun nìkan ń jẹ nǹkan bí 5 mA (mA la fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn) tọ̀sán-tòru, bẹ́ẹ̀ ESP32 tó sùn fọnfọn ò jẹ ju nǹkan bí 0.01 mA lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá ń jẹun ju onílé lọ ní ìlọ́po 500! Wò ó, tí nǹkan náà bá ń fa 100 mA nígbà tó jí, sẹ́kọ́ńdù 10 nínú mínìtì 10 á sọ ọ́ di bí 1.7 mA. Fi 5 yẹn kún un, ó di 6.7 mA, fi pín 150 mAh, bátìrì rẹ á lo bí wákàtí 22. Fi HT7833, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, rọ́pò AMS1117, tiẹ̀ ò ju nǹkan bí 0.004 mA lọ, bátìrì kan náà á lo bí wákàtí 88 lórí ìwé, lọ́wọ́ màmá á dín díẹ̀.

Wi-Fi náà ńkọ́? ESP32 lè fa tó 240 mA tó bá ń fi Wi-Fi ránṣẹ́, torí náà má ṣí i ní gbogbo ìgbà tó bá jí, kó àwọn nọ́ńbà jọ sínú RTC memory (ibi ìpamọ́ inú ESP32 tí kì í pa rẹ́ tó bá sùn) kó o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan. Tí fóònù bá máa ń wà nítòsí màmá, Bluetooth Low Energy (Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀) ni kó o lò.

Jọ̀ọ́, sẹ́ńsọ̀ yìí ò lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ o, bí ọkàn ṣe ń lù àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà. Kí màmá má tìtorí ẹ̀ pa ọjọ́ dókítà jẹ.

Tó o bá ṣe é tán, gba ẹnu mítà kọjá láti bátìrì sí bọ́ọ̀dù, àmọ́ ìgbà tó bá ti sùn ni kó o tó yí mítà sí µA (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mA), torí tó bá jí lójú yẹn á kàn máa rẹ́sẹ́tì ni. Tí iye tó o rí bá ṣì ju 1 mA lọ, á jẹ́ pé ṣíìpù USB (èyí tó ń so bọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà) náà ò sùn, ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi.