Ajá mi ń ṣàìsàn, ṣé kó ṣì máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?
Irú àìsàn tó ń ṣe é ló máa sọ: tára ẹ̀ bá gbóná báyìí, tó ń bì tàbí tí kò jẹun, ẹ dúró kára ẹ̀ yá ná, àmọ́ tó bá jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bíi ti kíndìnrín tí oògùn ti ń kápá ẹ̀, ó sábà máa ń lè gbà á. Tó bá ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù tó pọ̀ (oògùn tó lè dín agbára tára fi ń gbógun ti àìsàn kù), kò yẹ kó gba èyí tí kòkòrò inú ẹ̀ ṣì wà láàyè. Fún àgbà ajá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún 3 ti tó fún ti parvo àti distemper (àrùn ajá méjì tó lè pa á), wọ́n sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ààbò ṣì wà. Ti dìgbòlugi yàtọ̀ o, òfin ló sọ ọ́ di dandan níbi púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láwọn ibì kan dókítà ẹran lè kọ̀wé pé kí ajá tó ń ṣàìsàn má gbà á. Tójú ẹ̀ bá ti wú rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún dókítà kó tó gún un.